Ohun Tí Ìyàwó Mi Ní Wọ́n Sọ

Ọjọ́ kejì tí ọmọ mi bímọ ló béèrè orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ó wà lórí ibùsùn nílé rẹ̀ ní Stockwell, nílùú ọba níbí, ọmọbìnrin tuntun náà wà láyà rẹ̀. Mo jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Mi ò tíì bọ́ kóòtù mi. Ó ní ilé ọkọ òun ti mú orúkọ tiwọn, ó ku ti ọ̀dọ̀ wa.

"Orúkọ Mummy ni mo kọ́kọ́ rò," ó ní. "Ṣùgbọ́n mi ò lè máa pè é lójoojúmọ́, Daddy. Á máa dùn mí. Kí ni orúkọ ìyá Mummy?"

Mo mọ orúkọ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́ ọ, nígbà tí a ń kọ fọ́ọ̀mù pásípọ́ọ̀tù. Mi ò tíì mọ̀wé nígbà náà. Ẹni tó ń bá wa kọ ọ́ béèrè orúkọ ìyá ìyàwó mi. Ìyàwó mi sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń gbé nǹkan ẹlòmíràn sílẹ̀.

"Jẹ́ kí n ronú sí i," mo ní.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí n ronú."

Ó wò mí. Ó ti mọ̀ mí pé ọ̀rọ̀ mi kì í pọ̀. "Ọjọ́ kẹjọ la máa sọ ọ́ lórúkọ," ó ní. "Ẹ má ronú kọjá ọjọ́ kẹjọ o."

Ohun tí mo ń rò kò ṣòro láti sọ. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni èmi àti ìyàwó mi fi gbé pọ̀, kò sì pe orúkọ ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí èèyàn bá béèrè, á ní, "Ìyá àgbà kan ní Àjàṣẹ́ ló tọ́ mi," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ọdún méjì rèé tó ti kú, mi ò lè bi í mọ́. Ṣé kí n wá gbé orúkọ tí kò fẹ́ gbọ́ lé ọmọ ọmọ rẹ̀ lórí? Àbí kí n sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n, kí orúkọ náà kú pẹ̀lú mi? Ẹnì kan ṣoṣo ló lè dáhùn, òun náà sì ti lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún mi. Fíìmù kan ló fà á.

Iṣẹ́ aṣọ ni ìyàwó mi ń ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nínú ilé ìtajà ńlá tó wà ní àdúgbò Elephant. Nígbà tí wọ́n wó ilé ìtajà náà, ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí Peckham, sí abẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń tún fóònù ṣe àti ẹni tó ń ta irun. Ó ń gé ṣòkòtò tó bá gùn jù, ó ń pààrọ̀ síìpù. Ìyá arúgbó òyìnbó kan tó máa ń gbé kọ́tìnnì wá ló fún un ní àwo fíìmù náà, apá mẹ́jọ nínú páálí kan. Ìyá náà ní kó wo aṣọ inú rẹ̀.

Mo wo àwòrán ara páálí náà. Àwọn obìnrin òyìnbó ni, àyà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán. Mo bi í pé fíìmù kí ni.

"Ti àwọn Faransé," ó ní. "Láyé àtijọ́. Àwọn obìnrin inú ilé aṣẹ́wó kan."

"A ò lè wo èyí nínú ilé yìí. Mùsùlùmí ni wá."

"Ẹ wo ọwọ́ aṣọ yìí ná, Daddy. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣẹ́ ẹ. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán gbogbo ẹ̀."

"Bí wọ́n bá wá bọ́ ọ ńkọ́?"

"Kí ẹ dijú. Èmi á sọ fún yín bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ padà."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àìlà. Mo fa kọ́tìnnì, òòrùn sì wà lóde, nítorí ẹnì kan tí a jọ ń kírun ń gbé ní ọ̀kánkán wa. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá rí kọ́tìnnì tí a fà lọ́sàn-án gangan ni yóò rò pé ilé wa gan-an ni ilé aṣẹ́wó.

Fíìmù náà kò rí bí mo ṣe rò. Àwọn ọkùnrin máa ń wá, wọ́n sì máa ń lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn obìnrin ló pọ̀. Wọ́n ń ya irun ara wọn. Wọ́n ń fọ ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ń sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Wọ́n ń jà nítorí ìyarun, wọ́n sì ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà kí ìjà náà tó tutù. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè jáde láìgbàṣẹ. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, èyí tó bá a jà lánàá ni yóò jókòó tì í.

Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Mo ti lé ní ogójì ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé, ní kíláàsì àwọn àgbàlagbà. Ìyàwó mi ló tì mí débẹ̀. Mo lè ka lẹ́tà kánsù bí wọ́n bá fi mí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú fíìmù kì í dúró de èèyàn. Òun ní tirẹ̀, Àjàṣẹ́ lẹ́bàá Kùtọnu ni wọ́n ti bí i, Faransé ló fi kàwé. Ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá.

Bó ṣe ń sọ ọ́ ló mú kí n fẹ́ràn rẹ̀. Obìnrin tó ni ilé náà, ó sọ ọ́ di Ìyáálé. Àwọn yòókù di ìyàwó, láti orí èyí tó pẹ́ jù dé orí èyí tó dé lánàá. "Ìyáálé ní kí ìyàwó kékeré lọ bọ́jú." "Ìyàwó àgbà ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má bínú sí i, ọmọdé ni.'" Ojú mi wá là sí i. Mo mọ ẹni tó yẹ kí ó kúnlẹ̀ fún ẹnì kejì, mo sì mọ ìgbà tí ẹnì kan bá yájú.

Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ "ẹ" fún àgbà.

"Wọ́n ń sọ ọ́," ó ní. "Èdè wọn ní 'ẹ' bíi tiwa. Gẹ̀ẹ́sì ni kò ní."

Obìnrin kan wà nínú wọn tó máa ń wọ aṣọ aláwọ̀ eérú. Ìyá Ọmọ la sọ ọ́. Ó ní ọmọbìnrin kan lábúlé lọ́dọ̀ alágbàtọ́ kan. Bí àyè bá ti ṣí sílẹ̀, á jókòó sẹ́bàá fèrèsé, á máa rán aṣọ kékeré tó máa fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Ní apá kẹfà, bó ṣe ń rán ọ̀kan báyìí, ìyàwó mi tẹ rìmóòtù, àwòrán náà dúró. Mo rò pé ó fẹ́ wo ojú abẹ́rẹ́ ni.

"Ìyá mi gbé irú ilé bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ní Kùtọnu. Aṣọ ló máa ń fi ránṣẹ́."

Ó wo àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀. Ó wá tẹ rìmóòtù padà.

Mo dìde, mo lọ po tíì fún un, mo fi ṣúgà méjì sí i bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà náà, mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ ni ọ̀wọ̀. Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà. Ó lè jẹ́ pé ó ń dúró kí n béèrè ìyókù.

Nígbà tó di apá kẹjọ, Ìyá Ọmọ gba àṣẹ, ó wọ kóòtù, ó di aṣọ ọmọ náà sínú ẹrù kékeré, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. A kò rí i mọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn jókòó yí tábìlì ká, lẹ́tà dé, Ìyáálé já a, ó ń kà á sókè. Ìyàwó mi ń gbọ́.

"Kí ni wọ́n ní?" mo bi í.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. "Ìyá Ọmọ ló kọ ọ́. Ó ní òun ti dé. Ó ní ọmọ náà dá òun mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó sáré wá pàdé òun. Wọ́n ti jọ jẹun."

"Kí ló dé tí gbogbo wọn wá ń sunkún?"

"Ayọ̀ ni," ó ní. Ó sì dìde lọ wo ìkòkò tó wà lórí iná.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń ti kẹ̀kẹ́ àwọn aláìsàn láti yàrá kan sí òmíràn. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan wà nílé ìdáná wa, Aunty ni gbogbo wa ń pè é. Kò sí fíìmù tí kò tíì wò. Ọjọ́ kẹta tí ọmọ mi bímọ, nígbà tí a ń jẹun, mo bi í bóyá ó mọ fíìmù àwọn Faransé kan, ti àwọn obìnrin inú ilé kan báyìí.

Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Ti àwọn aṣẹ́wó yẹn? Bọ̀dá! Ẹ̀yin náà! Ẹ̀yin tí ẹ kì í gbójú sókè wo obìnrin!"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi ló fẹ́ràn aṣọ wọn," mo ní.

"Aṣọ wo? Èyí tí wọn ò wọ̀ yẹn?" Ó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Fíìmù náà dáa, Bọ̀dá. Mo sunkún. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọ yẹn tí ìyá ẹ̀ kò wá mọ́."

"Ó wá."

"Ta ló wá?"

"Ìyá ẹ̀. Ọmọ náà dá a mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n jọ jẹun."

"Bọ̀dá, ṣé fíìmù kan náà la wò? Kò wá! Títí fíìmù fi parí, kò dé ibẹ̀!"

"Ó kọ lẹ́tà."

"Òun kọ́ ló kọ ọ́. Ta ló sọ fún yín pé òun ni?"

Mo jẹ oúnjẹ mi tán, mo fọ abọ́ mi.

Ọjọ́ karùn-ún ni ìsinmi mi. Páálí fíìmù náà wà nínú àpótí ìránṣọ rẹ̀, lábẹ́ àwọn òwú. Mo jókòó ní ọ̀sán, mo fi apá kẹjọ sí i. Mi ò fa kọ́tìnnì. Mo fi ìka mi sórí rìmóòtù, bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ti yọ nísàlẹ̀, mo dá a dúró, mo kà á tán pẹ̀lú ẹnu mi, kí n tó jẹ́ kí ó lọ. Ohun tí kò gbà ju wákàtí kan lọ gba gbogbo ọ̀sán mi.

Mo dé ibi lẹ́tà náà. Alágbàtọ́ ló kọ ọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni kò wá. Ó ní ẹrù nìkan ni ẹlẹ́ṣin gbé sílẹ̀. Ó ní ọmọ náà wọ aṣọ tuntun náà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sì gbà kí wọ́n bọ́ ọ lára òun láti sùn.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó mọ̀wé, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń fura sí. Mo mú ìwé atúmọ̀ èdè tí a lò ní kíláàsì, mo wá gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò dá mi lójú. Kò sí èyí tí mo ṣì kà. Obìnrin náà kò wá.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Gbogbo ìgbà yìí ni mo ti ń gbé ọmọ yẹn kiri nínú orí mi, ọmọ tó ń sáré lójú ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ ìyàwó mi nìkan ló ti sáré.

Lẹ́yìn náà mo rántí bó ṣe pẹ́ kó tó dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ti gbọ́ lẹ́tà náà tán ní Faransé. Ó mọ̀ pé obìnrin yẹn kò wá. Láàárín ìgbà tó gbọ́ ọ àti ìgbà tó ya ẹnu, ó lọ mú un wá. Ó mú un dé ojú ọ̀nà, ó jẹ́ kí ọmọ dá a mọ̀, ó bu oúnjẹ fún àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́.

Èèyàn kì í mú ẹni tó kórìíra wálé báyẹn. Mo pa tẹlifíṣọ̀n náà, mo wọ kóòtù mi, mo jáde lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ọmọ mi ń fún ọmọ lọ́mú nígbà tí mo dé. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po, nítorí náà mo sọ ọ́ ní tààrà.

"Ìyá ìyá ẹ gbé ilé aṣẹ́wó ní Kùtọnu. Ó fi ìyá ẹ sọ́dọ̀ alágbàtọ́. Kò padà wá mú un. Aṣọ ló máa ń fi ránṣẹ́."

Ó gbé ọmọ náà sí ọmú kejì. "Mummy ló sọ fún yín?"

"Ìwọ̀nba gbólóhùn mẹ́ta."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo po tíì."

"Ah, Daddy." Kò bínú. Ó kàn mi orí.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ fíìmù náà fún un, ti lẹ́tà, ti ohun tí ìyá rẹ̀ ní wọ́n sọ, àti ti ohun tí mo fi ojú ara mi kà. Mi ò rò pé mo ti sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún náà.

"Mummy mi! Ó purọ́ fíìmù fún yín!"

"Kì í ṣe irọ́," mo ní. Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi pè é, mi ò rí i.

Ó nu ojú rẹ̀. "Alhaja máa béèrè o. Ẹ mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ, wọ́n á fẹ́ mọ ẹni tó ni ín."

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń sọ. "Mo mọ̀," mo ní. "Ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Tí o bá ní ká fi í sílẹ̀, a fi í sílẹ̀ nìyẹn."

Ó wo ọmọ náà pẹ́. "Ẹ pe orúkọ náà kí n gbọ́," ó ní.

Mo pè é. Ẹnu mi kò pè é rí. Ọmọ mi tún un pè, kì í ṣe fún mi. Etí ọmọ náà ló pè é sí.

Ní ọjọ́ kẹjọ, yàrá wọn kún. Àáfà ṣàdúà, ó pe orúkọ tí bàbá ọmọ mú wá, àwọn ará ilé ọkọ pe tiwọn. Wọ́n wá ní ó kan ìyá ọmọ àti ẹbí rẹ̀. Mo dìde. Mo pe orúkọ náà, mi ò sì pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Orúkọ yìí mà wuyì o," Alhaja ní. Ó tẹ́ etí sílẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ta ló ń jẹ́ ẹ, àna wa?"

"Ìyá ìyàwó mi."

"Ẹ̀yin ò mẹ́nu bà wọ́n rí! Iṣẹ́ kí ni Màmá ń ṣe?"

Ọmọ mi gbójú sókè wò mí. Mo gbọ́ bí bọ́ọ̀sì ṣe ń kọjá nísàlẹ̀.

"Mi ò bá wọn pàdé rí, Alhaja," mo ní. "Ọ̀nà wọn jìn sí ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń rán aṣọ fún un, wọ́n á sì fi ránṣẹ́. Ìyàwó mi ní ìyẹn ló mọ̀ nípa wọn."

Alhaja mi orí. Mi ò mọ ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀. Òun náà fi ọmọ méjì sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, nígbà tó kọ́kọ́ dé ìlú yìí. Ó na ọwọ́, ó gba ọmọ náà, ó sì pè é ní orúkọ yẹn. Òun ni ẹni kẹta tó fi orúkọ náà pe ọmọ.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ọmọ mi gbé e wá sílé mi ní Peckham. Ọjọ́ Àìkú ni. A jẹun tán, ó ní òun fẹ́ wo ibi lẹ́tà náà. Mo fi àwo fíìmù náà sí i. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, mo fi rìmóòtù yọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò nísàlẹ̀. Ọmọ mi rí mi. Kò gbọ́ Faransé, èmi náà kò gbọ́.

Ìyáálé já lẹ́tà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

"Kí ni wọ́n ní, Daddy?"

"Ìyá Ọmọ ló kọ ọ́," mo ní. "Ó ní òun ti dé. Ọmọ náà dá a mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn."

Ọmọ ọwọ́ náà ń sùn láàárín wa. Àwọn obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n ti fi ọwọ́ bo ojú.

"Kí ló dé tí wọ́n wá ń sunkún?"

"Ayọ̀ ni," mo ní.